Ẹ̀tẹ̀ Náámánì, Owó Géhásì: Àyẹ̀wò Ìwé No Longer at Ease

Ìbéèrè kan ni Chinua Achebe fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ tí ó pè ní No Longer at Ease, ìbéèrè náà ni ó sì fi parí rẹ̀. Adájọ́ òyìnbó jókòó ní kóòtù ní ìlú Èkó, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mú wá síwájú rẹ̀, ó ní kò yé òun bí ẹni tí ó kàwé tó báyìí, tí ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún, ṣe lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé náà yóò fi parí, a gbọ́ pé kì í ṣe adájọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò yé. Kò yé òyìnbó tí ó jẹ́ ọ̀gá ọmọ náà, kò sì yé àwọn ará ìlú rẹ̀ tí wọ́n rán an lọ sí òkè òkun. Òǹkọ̀wé náà kò dáhùn. Ó gbé ìbéèrè náà lé àwa òǹkàwé lọ́wọ́, ó sì lọ. Mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ níhìn-ín, nítorí ó dá mi lójú pé ìdáhùn náà wà nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ojú kọ́kọ́ ń lọ ni ó wà.

Ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni ìwé náà jáde, ọdún méjì lẹ́yìn Things Fall Apart. Ọmọ ajíhìnrere ìjọ C.M.S. ni Achebe fúnra rẹ̀, ó sì kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn láti ọdún 1948 títí di ọdún 1953. Ohun tí ó mọ̀ ni ó ń sọ. Obi Okonkwo tí ìtàn náà dá lé lórí jẹ́ ọmọ-ọmọ Okonkwo inú ìwé àkọ́kọ́. Isaac baba rẹ̀ ni Nwoye ọjọ́sí, ẹni tí ó sá kúrò nílé lọ bá àwọn oníwàásù, tí ó sì di olùkọ́ ìjọ. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Umuofia tí ó wà ní Èkó dá owó jọ, wọ́n yá Obi ní 800 pọ́n-ùn kí ó fi kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ni wọ́n fẹ́ kí ó kọ́, kí ó lè máa bá wọn ro ẹjọ́ ilẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́. Ó padà dé, ó rí iṣẹ́ ìjọba ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín sikọ́láṣíìpù. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n mú un pé ó gba 20 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wá sikọ́láṣíìpù náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn tí ó wá wòran ní kóòtù. Achebe ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan san tó ṣílè 10 àti sísì kí dókítà lè kọ ìwé fún wọn pé ara wọn kò yá ní ọjọ́ náà. Gbólóhùn kan péré ni ó fi sọ ọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó fi èrú gba ìsinmi ni ó wá jókòó, tí ó ń wo bí wọ́n ti ń dá ẹni tí ó ṣe èrú lẹ́jọ́, ojú kò sì tì í. Àwọn ará Umuofia náà ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó dùn wọ́n jù kọ́ ni pé ọmọ wọn gba owó tí kò tọ́, bí kò ṣe pé owó kékeré báyìí ni ó torí rẹ̀ bọ́ sínú wàhálà. Àwọn àgbà tiwa náà a máa wí pé ẹni tí yóò bá jẹ ọ̀pọ̀lọ́, kí ó kúkú jẹ èyí tí ó lẹ́yin.

Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè mọ̀ pé orúkọ tí a bá sọ nǹkan a máa fi bí a ti ń wò ó hàn. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Yorùbá ń pe irú owó yìí, èyí ni ẹ̀bẹ̀ tí a ti bẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀; ó rọ̀ létí bí ìgbà tí ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìwé yìí. Nígbà tí ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Mark wá bá Obi ní ọ́fíìsì láti bẹ̀ ẹ́ nítorí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó rí i pé akọ̀wé òyìnbó kan wà nínú yàrá náà, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí èdè Ìgbò. Èdè tí ìyá fi ń kọ́ ọmọ ní òtítọ́ di aṣọ tí wọ́n fi ń bo ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Ẹni tí ó bá ní gbogbo ohun tí a bá fi èdè abínibí sọ ni ó mọ́, kí ó tún ibẹ̀ kà.

Kí Obi tó gba iṣẹ́, ó ní èrò kan nípa rìbá. Ó gbà pé àwọn àgbà tí wọ́n wà ní ipò ńlá ti fi rìbá gun àkàsọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá dé òkè, wọn yóò máa gba owó wọn padà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó ti yunifásítì bọ́ sí ipò gíga ní tààrà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Òun ni yóò gbá ilé náà mọ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa gan-an ni Obi ń sọ. Nígbà tí ìwé yìí jáde, yunifásítì tí ó wà ní Nàìjíríà kò ju èyí tí a lè fi ìka ọwọ́ kan kà. Lónìí, wọ́n ju 200 lọ, àwọn tí wọ́n sì ti inú wọn jáde ti jókòó sórí gbogbo àga tí Obi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ta ni ó lè sọ èrò yẹn síta lónìí láìrẹ́rìn-ín ara rẹ̀?

Síbẹ̀, Obi kò purọ́ nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Èkó, ọmọkùnrin aṣọ́bodè kan ní owó ibodè ẹ̀rọ orin rẹ̀ jẹ́ 5 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n bí kò bá fẹ́ rìsíìtì, òun lè sọ ọ́ di 2 pọ́n-ùn. Obi bá a wí kíkankíkan, ọmọ náà sì yẹra. Nígbà tí ó ń lọ sí ilé, ó wọ lọ́rì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ẹjọ́ Ọlọ́run kò ní kòtẹ́milọ́rùn. Ọlọ́pàá dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Ọmọ ọkọ̀ mú ṣílè 2 dání láti fi fún un bí wọ́n ti ń ṣe, ṣùgbọ́n Obi tẹjú mọ́ ọlọ́pàá náà, ojú tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé ọkọ̀ wò. Nígbà tí wọ́n rìn síwájú díẹ̀, awakọ̀ dúró, ọmọ ọkọ̀ sáré padà. Ó ti di ṣílè 10. Gbogbo inú ọkọ̀ ni ó dojú ìbínú kọ Obi pé ta ni ó ní kí ó máa wo ọlọ́pàá lójú.

Apá yìí dára púpọ̀, nítorí pé ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ohun kan hàn wá. Wíwò ni Obi wò. Kò sọ̀rọ̀, kò sọ̀kalẹ̀, kò bá awakọ̀ sọ pé kí wọ́n jọ kọ̀ láti san án. Ìwà títọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó jókòó lókè tí ó ń wo ìsàlẹ̀, àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì san owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí ó lé Mark jáde. Ayọ̀ kún inú rẹ̀, ó rò pé kò sí ohun tí ó ṣòro nínú kíkọ rìbá: kí ènìyàn ṣáà dá ọ̀rọ̀ náà dúró kí ó sì kí àlejò pé ó dàárọ̀. Lẹ́yìn èyí, ọmọbìnrin tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún wá sí ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ṣe tán láti ṣe ohunkóhun tí ó bá gbà. Obi tún kọ̀. Ẹni tí ó bá ti fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí pé kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, a kò tíì lè sọ pé ó gba ààwẹ̀. Ìgbéraga lè ṣe iṣẹ́ òtítọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìtìjú bá wọlé ni ìgbéraga ń jáde.

Àwọn kan yóò wí pé àìní ni ó fà á. Lóòótọ́, Achebe ṣírò owó náà fún wa bí akọ̀wé ilé ìfowópamọ́. Owó oṣù Obi kò ju 47 pọ́n-ùn àti ṣílè 10 lọ. Ẹgbẹ́ yóò gba 20 pọ́n-ùn níbẹ̀ lóṣooṣù, àwọn òbí rẹ̀ yóò gba 10 pọ́n-ùn. Mọ́tò wà nílẹ̀ láti san. 40 pọ́n-ùn inṣọ́ránsì mọ́tò bá a lójijì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹgbẹ́ ti fún un ní oṣù 4 kí ó fi mí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè náà. Nítorí pé olórí ẹgbẹ́ dárúkọ ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́, ó bínú jáde, ó ní òun yóò san láti ìparí oṣù náà lọ. Baba rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì ń gba 2 pọ́n-ùn lóṣù, a kò sì gbọ́ pé ó jalè rí. Àìní ń ti ènìyàn. Kì í ṣe òun ni ó ń sọ ibi tí ènìyàn yóò ṣubú sí. A ní láti wá ìdáhùn wa sí ibòmíràn, ilé baba Obi sì ni mo fẹ́ kí a wá a dé. Àwọn baba wa ṣáà ti wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Isaac Okonkwo kì í ṣe onígbàgbọ́ ẹnu lásán. Ó fi ilé sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, baba rẹ̀ sì fi í bú. Nígbà tí baba náà kú, kò lọ sí ìsìnkú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ohun tí a kọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fẹ́ ju ìwé kankan nù. Ó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n má ṣe jẹun ní ilé abọ̀rìṣà. Obi kò ju ọmọ kékeré lọ nígbà tí ó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún aládùúgbò pé àwọn kì í jẹ oúnjẹ kèfèrí. Ó ní kí ìyá wọn má pa àlọ́ fún wọn mọ́. Ìgbàgbọ́ ilé yìí le, ó sì ṣe kedere. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni ó kọ́ ọmọ jù. Kò kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe nígbà tí òtítọ́ bá fẹ́ gba ohun tí ó fẹ́ràn jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ náà wá dé. Clara, ọmọbìnrin tí Obi ń fẹ́, jẹ́ osu, èyí ni pé a ti fi ìran rẹ̀ jin òrìṣà láti ayé àwọn baba ńlá, ọmọ ìlú kankan kò sì gbọdọ̀ fẹ́ wọn. Ìjọba Ìlà-Oòrùn ti fi òfin pa àṣà yìí rẹ́ ní ọdún 1956. Ìyìn rere náà ti pa á rẹ́ ṣáájú òfin, bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni a gbà á gbọ́. Isaac mọ baba Clara. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ènìyàn rere ni, onígbàgbọ́ tòótọ́ sì ni. Síbẹ̀ ó kọ̀. Obi, tí kò gba Ọlọ́run baba rẹ̀ gbọ́ mọ́, ni ó wá ń fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ bá baba rẹ̀ jiyàn. Nígbà náà ni Isaac mú Náámánì jáde nínú Bíbélì: ọ̀gágun ńlá ni, ọlọ́lá ni, akọni ni, ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ ni. Osu dà bí ẹ̀tẹ̀ lójú àwọn ènìyàn wa, ó ní, kí Obi má ṣe mú un wọ ìdílé.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí. Ẹni tí ó bá ṣí orí karùn-ún Ìwé Àwọn Ọba Kejì yóò rí i pé ìtàn Náámánì kò parí sí ibi tí Isaac pa á dé. Náámánì wẹ̀, ó mọ́. Awọ ara rẹ̀ dà bí ti ọmọdé. Ó mú ọrẹ wá fún Èlíṣà, Èlíṣà kọ̀ ọ́, kò gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Géhásì ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ sáré tẹ̀lé àlejò náà ní kọ̀rọ̀, ó purọ́, ó gba fàdákà àti aṣọ, ó gbé e pamọ́. Nígbà tí ó padà dé iwájú ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀tẹ̀ Náámánì lẹ̀ mọ́ òun àti irú-ọmọ rẹ̀. Nítorí náà orí Bíbélì tí Isaac fi lé ọmọ aláìṣẹ̀ jáde ni orí tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìránṣẹ́ tí ó gba owó tí kò tọ́ sí i. Ẹ̀tẹ̀ tí ó ń bẹ̀rù kò ti ẹnu ọ̀nà tí ó ń ṣọ́ wọlé. Ó ti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wọlé. N kò lè búra pé Achebe ní èyí lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọmọ ajíhìnrere ni, kò sì dàbí ẹni tí yóò ka ààbọ̀ ìtàn.

Kí ni Obi kọ́ ní yàrá baba rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà? Ó kọ́ pé ọkùnrin tí ó la iná kọjá nítorí Kristi náà ní iye tí a lè fi rà á. Kì í ṣe owó ni wọ́n fi ra Isaac. Ohun tí ayé yóò wí ni wọ́n fi rà á. Ó mọ òtítọ́, ó jẹ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe òdìkejì rẹ̀. Ìyá Obi, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, sọ pé bí ó bá fẹ́ Clara nígbà tí òun ṣì wà láàyè, òun yóò pa ara òun. Obi padà sí Èkó, ó jẹ́ kí Clara lọ, ó sì san owó kí wọ́n ba oyún rẹ̀ jẹ́. Ìyá rẹ̀ kú, kò lọ sin ín. Ẹ kíyèsí ètò ìtàn náà: títí di ìgbà tí ó gba Clara sílẹ̀, kò tíì gba rìbá kankan. Ẹ̀yìn ìgbà tí ó ti ta òtítọ́ tí ó tóbi jù ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí ó kéré.

Nígbà tí ó wá ń gbà á, ó fi òfin kan mú ara rẹ̀: ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí tí ó yẹ, kò ní gba owó rẹ̀. Ó dúró lórí èyí gbọn-in. Mo rò pé ibí yìí ni ó bani nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ìwé náà, nítorí pé ọmọ Isaac ni a ń rí: ó ṣì ní ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀ mọ́. Kò sì mọ́ ọn lára. Àwọn ènìyàn a máa wí pé bí ó bá pẹ́, yóò mọ́ni lára. Ó rí i pé ti ẹ̀yìn ń burú ju ti ìṣáájú lọ. Ọjọ́ tí wọ́n mú un, ó ti san àwọn gbèsè rẹ̀ tán, ó sì ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò lè fara dà á mọ́.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Obiajulu, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn balẹ̀ wàyí. Ọkàn baba rẹ̀ ni, nítorí pé ọmọbìnrin mẹ́rin ni ó ti bí kí ó tó bí i. Àkọlé ìwé sì wí pé ọkàn kò balẹ̀ mọ́. Ara ewì T. S. Eliot nípa àwọn amòye tí wọ́n lọ wo Jésù ni Achebe ti mú un: wọ́n rí ọmọ náà, wọ́n padà sí ilé, ilé kò sì gbà wọ́n mọ́. Àwọn tí ó ń ka ìwé náà a máa rò pé Obi tí ó ti òkè òkun dé ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Èmi rò pé baba rẹ̀ ni ó bá wí jù. Isaac ni ó rí ọmọ náà. Nígbà tí ó padà dé ilé, ó fẹ́ kí ilé gbà á.

Ìwé yìí kò ṣàìní àbùkù. Achebe kánjú ní ìparí. Ìṣubú tí a ti ń retí láti ojú ewé kìn-ín-ní, ojú ewé díẹ̀ péré ni ó fi sọ ọ́. Clara jáde kúrò nínú ìtàn láìjẹ́ pé a gbọ́ ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wọn wó lé lórí. Ohun tí mo rí sí i jù ni pé kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ìwé náà tí ó kọ èrú, tí ó san ohun tí ó ná an, tí ó sì dúró. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa ka Fágúnwà, níbi tí òǹkọ̀wé a máa dúró lójú ọ̀nà kí ó gba òǹkàwé níyànjú, yóò wá ìwàásù tì níhìn-ín. N kò bèèrè ìwàásù. Ṣùgbọ́n irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń bẹ ní Èkó ní ọdún 1960, wọ́n sì ń bẹ lónìí: akọ̀wé tí wọn kò gbé ga nítorí pé kò bá wọn pín in, olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní òpònú. Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Achebe fi ọjà náà hàn wá láìfi ẹni tí ó gbé òtítọ́ wá síbẹ̀ hàn wá, òǹkàwé tí ó bá ń wá àwíjàre sì lè tì í nídìí kí ó ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, mo gba gbogbo ẹni tí ó ń múra àtijáde nílé-ẹ̀kọ́ yìí ní ìmọ̀ràn kí wọ́n wá ìwé náà kà, pàápàá àwa tí a ń pe ara wa ní onígbàgbọ́. A mọ bí a ti ń gbàdúrà kí Ọlọ́run má fà wá sínú ìdẹwò, ọkàn wa a sì máa lọ sí ọ́fíìsì, sí àpò owó lábẹ́ tábìlì. Ìwé yìí ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìṣáájú ibẹ̀. Kí a wo ọmọ ẹni tí a kọ̀ láti fẹ́ nítorí ohun tí ayé yóò wí, ọ̀rẹ́ tí a fi sílẹ̀ ní ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ pé òtítọ́ ni tí a gbé mì níwájú àwọn àgbà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ na owó sí wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí owó kankan lórí tábìlì.